Ìfojúdíwọ̀n

Ìfojúdíwọ̀n kò fara sin: ì, fi, ojú, díwọ̀n. Ojú nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀, bíi: "Alájàpá náà fojú díwọ̀n àpò ẹ̀pà, ó ní yóò tó ogún kóńgò." A máa ń dà á pọ̀ mọ́ ìdíwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ìdíwọ̀n ní òṣùwọ̀n tí ẹlòmíràn lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán tí ojú kò rí, láàárín náńómítà 780 sí 2500, mọ bí òróró ṣe pọ̀ tó nínú hóró sóyà. Àwọn kan ní ìfojúdíwọ̀n ni, torí kò fún òróró kankan jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró ní ìtànṣán tó máa ń gbà mọ́ra, omi ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ń ka èyí tó kù, ó sì ń fi í wé ti àwọn hóró tí wọ́n ti yọ òróró wọn wọ̀n nílé àyẹ̀wò. Lóòótọ́, bí àwọn hóró àfiwé kò bá péye, èsì yóò ṣì. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọjà pàápàá máa ń ṣì, a kò sì torí ẹ̀ pè é ní ojú. Níbi tí òṣùwọ̀n bá wà, ìdíwọ̀n ni kí ẹ kọ.