Ta Ni Yóò San Owó Ẹ̀kọ́ Dókítà? Ìtàn Ìrànwọ́ Ìjọba fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn ní Kánádà

Bí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn, kì í sábà béèrè bí dókítà tó dúró níwájú òun ṣe rí owó kàwé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan aláìsàn gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ olówó nìkan ló lè kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ta ni yóò fẹ́ lọ tọ́jú àwọn ará abúlé tó jìnnà sí ìlú ńlá? Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí orílẹ̀-èdè Kánádà ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìdáhùn náà, kí n sì fi hàn pé ohun tí ìjọba ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè tó gba iwájú ni pé, "Ṣé o lè san án padà?" Lónìí, òmíràn ti kún un: "Ibo ni wàá ti ṣiṣẹ́?"

Òfin Kánádà fi ètò ẹ̀kọ́ sí ìkáwọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́, ìjọba àpapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí owó ilé-ìwé. Ní ọdún 1939 ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí òun àti àwọn ìpínlẹ̀ jọ ń dáwó sí, láti ran akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kò lówó lọ́wọ́. Owó náà kéré, ìwọ̀nba èèyàn ló sì kàn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ìjọba ṣe ohun tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ ogun tó padà wálé: ó san owó ilé-ìwé wọn, ó sì ń fún wọn ní owó oúnjẹ àti ilé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ló gba ọ̀nà yìí wọ yunifásítì. Gbogbo èèyàn ló wá rí i pé kì í ṣe ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà kò ní. Owó ni.

Òfin tó di ìpìlẹ̀ ètò òde òní dé ní 1964, nígbà ìjọba Lester B. Pearson. Lábẹ́ òfin náà, báǹkì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yá owó, ìjọba àpapọ̀ sì dúró gẹ́gẹ́ bí oníduúró. Ìjọba ló ń san èlé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Quebec kò bá wọn lọ sí i. Ó gba owó tirẹ̀, ó sì dá ètò ẹ̀yáwó àti ìrànwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wà títí di òní. Iye tí ènìyàn lè yá nígbà náà kò ju $1,000 lọ lọ́dún, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá $5,000. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ọdún márùn-ún péré ni owó náà yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń yá a tán lọ́dọọdún. Ẹni tó fẹ́ di dókítà sì sábà máa ń lò ju ọdún márùn-ún lọ.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Kánádà ń jà lórí ọ̀rọ̀ ìwòsàn. Ní oṣù keje ọdún 1962, ìpínlẹ̀ Saskatchewan bẹ̀rẹ̀ ètò tí ìjọba fi ń san owó dókítà fún gbogbo ará ìlú. Inú àwọn dókítà kò dùn sí i, wọ́n sì yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 23. Ṣùgbọ́n ètò náà dúró, òfin 1966 sì mú kí ó ṣeé ṣe ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí gbogbo èèyàn bá lè rí dókítà láìsan owó, dókítà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ní 1966 kan náà, ìjọba àpapọ̀ ya $500 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti kọ́ ibi tí a ó ti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tuntun dìde ní McMaster, ní Calgary àti ní Memorial ní ìpínlẹ̀ Newfoundland. Ilé ti wà. Ó wá ku bí ọmọ tálákà yóò ṣe wọ inú rẹ̀.

Kò rọrùn. Ní 1998, ìpínlẹ̀ Ontario gbà kí àwọn yunifásítì máa fúnra wọn dá iye owó àwọn ẹ̀kọ́ bíi ìṣègùn. Kò pẹ́ tí owó náà fi lé ní ìlọ́po méjì ní àwọn ibì kan. Ní 2002, ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn dókítà Kánádà. Ó fi hàn pé, ní Ontario, ìpín àwọn tó wá láti ilé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó $40,000 lọ́dún kéré láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ju láàárín àwọn tó fẹ́ parí lọ. Ilẹ̀kùn náà ti ń pa dé díẹ̀díẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ náà ń tún ètò rẹ̀ ṣe. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2000, ó yọ báǹkì kúrò láàárín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó fúnra rẹ̀. Ní 2009, ó dá owó ìrànwọ́ tí a kì í san padà sílẹ̀ fún àwọn tó wá láti ilé tí owó kò ti tó, ó sì ṣètò ìdẹ̀rùn fún ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2023, èlé kò gun ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ mọ́.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ sí i? Ilé là ń wò, kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú tí àwọn èèyàn wa ń pè ní PR, tàbí ẹni tí ìjọba gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá àsálà wá. Ó gbọ́dọ̀ máa gbé ní ìpínlẹ̀ tó wà nínú ètò náà, kí ìṣirò sì fi hàn pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Wọ́n máa ń wo owó òbí pẹ̀lú, àmọ́ ẹni tó bá ti kúrò ní girama fún ọdún mẹ́rin ti di ẹni tó dá dúró. Èyí ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n sábà máa ń gba oyè mìíràn kí wọ́n tó wọlé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ 340 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gba ìrànwọ́ ní gbogbo ayé wọn. Bí a bá ka ọ̀sẹ̀ 34 sí ọdún kan, ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́ àti mẹ́rin fún ìṣègùn ti jẹ 272. Ẹni tó bá fi ọdún méjì mìíràn gba oyè kejì ti lo gbogbo rẹ̀ tán. Ọdún ìṣègùn sì sábà máa ń gùn ju ọ̀sẹ̀ 34 lọ.

Ìgbésẹ̀ tó wú mi lórí jù dé ní 2013. Dókítà ìdílé tó bá lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko tàbí ibi jíjìnnà lè rí ìdáríjì gbèsè tó tó $40,000 láàárín ọdún márùn-ún. Ètò náà kan àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ní 2022, ìjọba kéde pé iye náà yóò fi ìdajì pọ̀ sí i, tí yóò fi di $60,000. Níbí ni ìbéèrè ti yí padà. Ìjọba kò wo àpò dókítà nìkan mọ́. Ó ń wo ìyá àgbàlagbà tó ń rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó rí ẹni tí yóò wọn ìfúnpá rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó ìjọba kì í sábà tó, nítorí náà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣì ń lọ yá owó ní báǹkì, tó lè lé ní $200,000, èlé sì ń gun tibẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdáríjì gbèsè ìjọba kò kan owó báǹkì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí tiwa tó ń ronú àtirán ọmọ lọ sí Kánádà. Ẹni tó bá fi ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lásán wọ ìlú náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó tàbí ìrànwọ́ ìjọba yìí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ kì í sì í gba akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè. Kí òbí tó ta ilẹ̀ nítorí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ èyí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé, bí ìlú bá san owó ẹ̀kọ́ dókítà, ara ìlú ni ó ń tọ́jú. Kí a yá ọmọ lówó dára, ṣùgbọ́n kí gbèsè rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tó bá lọ síbi tí àwọn aláìsàn ti ń retí rẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.