Àkọtọ́ Yorùbá, Kọ̀ǹpútà àti Òye Àtọwọ́dá: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ti Kan Ilẹ̀ Okun

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn bí èdè Yorùbá ti ṣe dé inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, àti ohun tí ìtàn náà ń ṣe sí iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè lónìí. A kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wá ní Ekinrin-Adde, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí. Ohun tí ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìkíni kan lọ.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé "okun" ni a fi ń kí ara wa. Òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa pọ̀, Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé okun tí ó túmọ̀ sí agbára ni. Ẹni tí ó kí ọ ń fẹ́ kí ara rẹ le. Ní ọjọ́ kan, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wa kọ àròkọ lórí àṣà ìkíni. Ọmọbìnrin kan mú iṣẹ́ tí ó dán mọ́nrán wá. Gbólóhùn rẹ̀ gún régé, bí a bá yọ ti àmì ohùn kúrò. Ìgbà tí a dé ìlà kan ni ojú wa là: ó kọ ọ́ pé àwọn ará ilẹ̀ Kabba a máa fi òkun kí ara wọn nítorí pé òkun tóbi, ọrọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Ekinrin-Adde, tí ìyá rẹ̀ ń kí ará ilé ní okun ní òròòwúrọ̀, ni ó kọ èyí. Nígbà tí a bi í léèrè, kò jiyàn. Ó ní fóònù ni òun bi.

A kò nà án. A gba fóònù náà, a sì fi ọwọ́ ara wa tẹ ìkíni wa sí i. Ní ìgbà kìíní, ẹ̀rọ náà sọ nípa omi tí ọkọ̀ ń gbà. Nígbà tí a tún un bi, ó ní ohun tí a fi ń so ewúrẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí òye àtọwọ́dá jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó rò pé ẹ̀rọ náà ń ronú bí ènìyàn. Ìwé tí ó pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà láyé rẹ̀ ni àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kó fún un. Nínú wọn ni ó ti ń ṣírò ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ó mọ̀, bí a sì ti kọ ọ́ ni ó ṣe mọ̀ ọ́n. Bí a bá kọ okun, òkun àti okùn bákan náà láìfi àmì sí i, kò sí ohun tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀ àyàfi àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí wọn ká. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì kọ ìkíni wa sílẹ̀ rárá, òkun ni yóò borí. Èrò wa ni pé àṣìṣe ọmọ yìí ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ẹni tí ó kọ ètò fóònù náà. Ibi tí a ó ti wá a ni ìtàn àkọtọ́ wa.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí àwọn òǹkàwé wa, nítorí náà a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Ìlànà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ni a lò fún ohun tí ó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìgbà náà, àmì abẹ́ lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n àmì ohùn kò pé. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, wọ́n sì mọ̀ pé etí rẹ̀ yóò tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ní 1965 ni ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àtúnṣe àkọtọ́ jáde ní Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹ rántí pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni ilẹ̀ Okun wà nígbà náà, nítorí náà ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjọba wa. Ìgbà tí àjọ tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, tí àwa ti di ará ìpínlẹ̀ Kwara, ni ó tó kàn wá gan-an. Nígbà náà ni "aiye" di ayé, tí "nwọn" di wọ́n, tí a sì dẹ́kun kíkọ kọ́ńsónáǹtì kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Àwọn orúkọ ìlú nìkan ni ó kọ̀ tí kò yí padà lára pátákó ojú ọ̀nà. B méjì ṣì wà nínú Kabba, d méjì ṣì wà nínú Adde. Bí a bá kọ Kabba ní b kan ní òní, tí a kọ ọ́ ní b méjì ní ọ̀la, àwa mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Ìlú méjì ni lójú kọ̀ǹpútà, àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un.

Kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀, òdo àti oókan sì ni gbogbo nọ́ńbà rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ Ifá díẹ̀ ni èyí yóò tètè yé. Odù kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́jọ, àmì kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Kọ̀ǹpútà náà ń to òdo tàbí oókan sí àyè mẹ́jọ, ó sì ń rí oríṣi ètò 256. (Àwọn kan a máa ti ibí yìí sọ pé àwọn baba wa ni ó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Àwa kò bá wọn dé ibẹ̀. Ìṣirò kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí babaláwo ń fi í ṣe yàtọ̀, iyì Ifá kò sì dúró lórí ẹ̀rọ.)

Ta ni ó wá pín àwọn àyè náà fún lẹ́tà? Ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ìlànà tí wọ́n ń pè ní ASCII. Àyè méje ni wọ́n lò, èyí tí ó fún wọn ní 128, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ní 1987, ìlànà ISO 8859-1 lo àyè mẹ́jọ láti gba àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi rí à, é àti ò, nítorí pé àwọn Faransé àti àwọn ará Ítálì ń lò wọ́n. A kò rí ẹ, ọ àti ṣ. Ohun tí èyí dà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ Yorùbá kò yàtọ̀ sí ti ayé táípúráítà: a ó tẹ ọ̀rọ̀, a ó sì fi bírò kán àmì sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá oyè ẹ̀kọ́ wa, ọjọ́ méjì gbáko ni a fi jókòó tí a ń kán àmì sí ẹ̀dà mẹ́rin, ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn mìíràn ń lo lẹ́tà tí àwọn onímọ̀ kan dọ́gbọ́n ṣe sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, gbogbo rẹ̀ a di jágbajàgba.

Oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ìlànà Unicode, tí ó fẹ́ fi nọ́ńbà tirẹ̀ fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé, kọ́kọ́ jáde. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ ti 1993 ni a ti bá ẹ àti ọ, láàrin àwọn lẹ́tà tí wọ́n tò fún èdè Vietnam. Inú àwo àwọn ẹlòmíràn ni a tún ti jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn ará Vietnam kì í lo ẹ́ tàbí ọ̀ bí tiwa, nítorí náà ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo di òní. Ènìyàn lè tẹ e, kí ó fi àmì abẹ́ àti àmì òkè kún un; ó lè tẹ ẹ, kí ó fi àmì òkè sí i; ó sì lè tẹ é, kí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ, oríṣi mẹ́ta ni, àfi bí ẹni tí ń kọ ètò bá pàṣẹ fún un kí ó sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní rántí pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè wá "ẹ̀kọ́" nínú ìwé tí ẹ̀kọ́ kún inú rẹ̀ kí ẹ̀rọ sì sọ pé òun kò rí i.

Nínú àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá tí wọ́n sì gbọ́ èdè ẹ̀rọ, ó yẹ kí a mọ Túndé Adégbọlá ti Ìbàdàn, tí ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ àwọn èdè Áfíríkà. Ní 2012, òun àti Lydia Odilinye wádìí bí iye ọ̀rọ̀ tí a kó jọ ti ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti fi àmì ohùn sí Yorùbá tí kò ní àmì. Ní ìparí 2013, Google fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò kún àwọn èdè tí ó ń túmọ̀. Ní 2018, Iroro Orife tún gbé ọ̀nà tuntun wá lórí fífi àmì sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́ jù lọ ní ojú wa ni èyí tí Jesujoba Alabi, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní 2020 lórí Yorùbá àti Twi. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí a kó rẹpẹtẹ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wé ìwọ̀nba tí a fi ìṣọ́ra ṣà jọ. Ìwọ̀nba tí a ṣà yìí ni ó kọ́ ẹ̀rọ dára jù. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ jọ akẹ́kọ̀ọ́: ìwé gidi mẹ́wàá yóò ṣe é láǹfààní ju pàǹtí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan lọ.

Àkójọ ńlá kan sì wà ní 2019 tí wọ́n ń pè ní JW300, tí wọ́n ṣe láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní èdè tí ó lé ní 300. Òun àti Bíbélì wà lára Yorùbá tí àwọn olùwádìí ń rí lò jù nígbà náà. Olùdánwò tí ó bá ka àròkọ lórí ọjà ìlú tí ó sì rí i pé ó ń dún bí ìwàásù, kí ó má ṣe ya ẹnu. Ẹ tún wo àmì ohùn. Ọmọ tí kò mọ àmì yóò fi í sílẹ̀ tàbí kí ó ṣì í ní ibi tí ó ṣòro. Ẹ̀rọ a máa fi ìgboyà ṣì í níbi tí ó rọrùn, a sì tún kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti tọ́ ní ìlà kejì. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022 ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wọlé sí wa lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ kan ń fún un ní máàkì gidi nítorí pé ó gùn, ó sì mọ́. Àwa rò pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹnu líle sọ ọ́, nítorí àwa náà jẹ̀bi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá láìsí àmì kan lórí rẹ̀, tí a ń sọ pé atẹ̀wé kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. A kọ "igba" sínú ìbéèrè, a sì fi sílẹ̀ kí ọmọ yàn láàrin igba, igbá, ìgbà àti igbà. Bí ẹ̀rọ bá kà á, ohun tí a fún un ni ó kà.

Ti ẹ̀ka-èdè wa burú ju èyí lọ. Ní 2024, Orevaoghene Ahia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ kan jáde tí ó fi Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ wé Yorùbá àjùmọ̀lò. Wọ́n rí i pé agbára ẹ̀rọ ń dínkù gan-an nígbà tí ó bá kúrò nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a yìn ni. Okun kò sí nínú rẹ̀, a kò sì lè bá wọn wí. Kí ni a kọ sílẹ̀ tí wọn ì bá kà? Bíbélì tí a fi kọ́ ìwé ní ilẹ̀ wa kì í ṣe èdè ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni Aláwíyé náà. Àwa olùkọ́ pẹ̀lú a máa fi bírò pupa gé ọ̀rọ̀ ilé nínú àròkọ ọmọ, a ó sì kọ "ẹ̀ka-èdè" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé àrùn ni.

Ní sáà tí ó tẹ̀ lé ti àròkọ yẹn, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì náà bi àwọn ìyá àgbà ilé wọn nípa ìkíni òwúrọ̀, ti oko, ti ọjà àti ti ọ̀fọ̀, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n sì wá kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ gbogbo. Iṣẹ́ náà kò yá. Ìjà pọ̀ lórí àmì, nítorí pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti Ìyàgbà kò gbọ́ ohun kan náà tí ọmọ Ìjùmú gbọ́, a sì fi méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó kọ òkun ni a fi ṣe akọ̀wé wọn. Ìwé kan ti kún. Okun ni ọ̀rọ̀ kìíní nínú rẹ̀. Ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kì í ṣe ti omi.