Ọ̀rọ̀ Tó Jáde Nínú Àgọ́ Hasan-aga

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń bú ọ̀rẹ́ lójú ọjà, ṣùgbọ́n inú ilé, láàárín tọkọtaya àti ìyekan, ni mo rò pé ó ti múná jù. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú orin ẹbí àwọn Bosniak, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Bosnia: ọ̀tá kì í sábà ti òde wá.

Ẹ wo Hasanaginica, orin ìyàwó Hasan-aga. Alberto Fortis, àlùfáà ará Ítálì, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Venice lọ́dún 1774. Akéwì Goethe sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì. Hasan-aga gbọgbẹ́, ó dùbúlẹ̀ nínú àgọ́ lórí òkè. Ìyá rẹ̀ wá wò ó, arábìnrin rẹ̀ náà wá. Ìyàwó rẹ̀ ò wá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó wá. Bí ara ọkùnrin náà ṣe ń yá, ó ránṣẹ́ sílé pé òun ò fẹ́ bá a níbẹ̀ mọ́.

Arákùnrin obìnrin náà mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dé, ó sì fà á lọ. Ọmọ márùn-ún ló fi sílẹ̀, àbíkẹ́yìn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó bẹ arákùnrin rẹ̀ títí pé kó má fi òun fọ́kọ mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́ létí, ó fi í fún alíkálì ìlú Imotski. Obìnrin náà wá ní kí wọ́n bá òun wá ìbòjú gígùn, kí òun má baà rí àwọn ọmọ òun bí wọ́n bá ń sin òun kọjá lẹ́nu ọ̀nà Hasan-aga. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rí i, wọ́n ké sí i. Ó dúró, ó fún àwọn ọkùnrin ní bàtà olówùú wúrà, ó fún àwọn obìnrin ní aṣọ, ó fi aṣọ ránṣẹ́ sí ọmọ ọwọ́. Hasan-aga pe àwọn ọmọ padà, ó ní aláìláàánú ni ìyá wọn. Obìnrin náà ṣubú, ó kú.

Òwe wa dúró síbi ọ̀rọ̀ tó já bọ́ lẹ́nu. Orin yìí tún fi èyí tí a gbé mì kún un: ìyàwó ò ránṣẹ́ pé ojú ló ń ti òun, ọkọ náà ò sì béèrè. Àwọn kan á di gbogbo ẹ̀bi ru àṣà ìbòjú tó bí ìtìjú yẹn. Èmi ò gbà. Ìgbéraga ọkùnrin méjì ló pa obìnrin yẹn. Nínú orin Omer àti Merima, ẹnu ìyá ló ṣe é: ó kọ ọmọbìnrin tí ọmọ rẹ̀ fẹ́, òkú méjì ló sì kẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn obìnrin ló ń kọ púpọ̀ irú orin báyìí, nínú ilé, láìsí gusle, ohun èlò olókùn kan ṣoṣo tí ọkùnrin fi ń kọ orin akọni. Nígbà tí Milman Parry, olùkọ́ Harvard, ń rìn káàkiri ilẹ̀ Bosnia àti agbègbè rẹ̀ láàárín 1933 sí 1935, orin akọni gan-an ló ń wá. Ṣùgbọ́n ó gba ohùn àwọn obìnrin ìlú Gacko sílẹ̀ pẹ̀lú, olórin Béla Bartók sì fi àmì orin kọ 75 nínú orin wọn. Ọdún 1951 ni ìwé tó kó àwọn orin náà jọ jáde, lẹ́yìn ikú Parry àti Bartók.