Ẹ̀rọ Tí Ń Wá Irin Nínú Ilẹ̀



Nígbà tí ẹ bá ń kọ ebè, tí ọkọ́ yín bá kan ohun líle, ẹ máa ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ ó dúró. Ẹ ó bi ara yín pé: Ṣé òkúta ni? Ṣé irin ni? Ṣé ohun tí àwọn baba wa rì mọ́lẹ̀ ni? Ọkọ́ kò lè dáhùn. Ẹ ní láti wú u kí ẹ tó mọ̀. Lónìí, a ó sọ ìtàn ẹ̀rọ kan tí ó ń gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí kí a tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ilẹ̀ wa kò ṣófo

Ní oṣù kẹrin ọdún 1861, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ojú ọ̀sà wá, wọ́n sì yin ìbọn ńlá lu Àjàṣẹ́. Ọba Sodji ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ní ọdún 1863, ó bọ́ sí abẹ́ ààbò àwọn Faransé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1892, ogun gbóná ní Dogba, lẹ́bàá odò Ouémé. Àwọn ọmọ ogun ọba Béhanzin ti Agbómẹ̀ ló kọjú ìjà sí àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds jẹ́ ọ̀gá wọn.

Ogun a máa parí, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ a máa sùn sínú ilẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ti gbé pẹ́, irin ogun, ìṣó, ọkọ́ tó ti gbó àti owó bàbà lè wà pọ̀ nínú ilẹ̀ kan náà.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1881, ẹnìkan yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọta kan wà nínú ara rẹ̀, àwọn dókítà kò sì rí i. Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ kan wá sẹ́bàá ibùsùn. Ẹ̀rọ náà dún, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Lẹ́yìn náà ni Bell gbọ́ pé irin wà nínú ibùsùn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni dókítà àgbà jẹ́ kí ó wá apá ọ̀tún nìkan, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta náà wà. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Nígbà ogun Hítílà, ọmọ ilẹ̀ Poland kan, Józef Kosacki, ṣe ẹ̀rọ tí ọmọ ogun kan lè gbé lọ́wọ́. Ó wúwo tó bí kìlógíráàmù 14. Ní ọdún 1942, wọ́n lò ó ní El Alamein, ní ilẹ̀ Íjíbítì, láti wá àdó olóró tí wọ́n rì sínú iyanrìn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Òrùka wáyà kan wà ní ìdí ẹ̀rọ náà. Iná bátìrì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń ké sí ohun tó wà nísàlẹ̀. Irin, bàbà, fàdákà àti wúrà a máa dáhùn. Igi àti egungun kì í dáhùn.

Ẹ rántí ẹni tó dúró létí odò, tó ń pe ará òdìkejì. Ohùn gbọ́dọ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀rọ yìí. Nítorí náà, bí ohun kékeré kan bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìdáhùn rẹ̀ lè dín títí di ìdá kan nínú 64.

Bọ́tìnnì tí ń kọ irin

Ohùn irin kò jọ ohùn fàdákà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà fi bọ́tìnnì kan sí i. Ẹni tó bá yí i lè sọ fún ẹ̀rọ pé: «Má pè mí nítorí ìṣó.» Èyí dára níbi tí pàǹtí irin bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

1. Ohun tó jìn, ohùn rẹ̀ kéré. Ilẹ̀ pupa náà ní irin nínú, òun náà ń dáhùn. Ohùn wúrà tó jìn lè dàpọ̀ mọ́ ti ilẹ̀, kí ẹ̀rọ rò pé irin ni, kí ó sì dákẹ́.

2. Wúrà kékeré àti ìdérí agolo lè dáhùn bákan náà. Bí o bá kọ ọ̀kan, o ti kọ èkejì.

3. Ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lè bo ohùn owó náà mọ́lẹ̀, bí irin ibùsùn ti bo ti ọta Garfield.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀rọ tí a sọ fún pé kí ó yára kọ̀, yóò kọ ohun tí a ń wá.

Ilé ẹ̀kọ́ Ouidah

Láti ọdún 2003 ni ilé ẹ̀kọ́ kan ti wà ní Ouidah, tí wọ́n ń pè ní CPADD. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti ń kọ́ bí a ṣe ń wú àdó olóró kúrò nínú ilẹ̀. Irú rẹ̀ ń pa àgbẹ̀ lára ní Casamance, ní ilẹ̀ Senegal, níbi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982.

Àdó olóró mìíràn, rọ́bà ni ara rẹ̀. Irin inú rẹ̀ lè má tó gíráàmù kan. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í kọ irin kankan. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, yóò fi irin kékeré kan dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, láti rí i pé ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìró ni yóò wú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó lè wú ìṣó láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò ní bínú. Ẹyọ kan tí ó bá fò lè gé ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí ó kan ẹ̀yin

Bí ọkọ́ yín bá kan irin tí ẹ kò mọ̀, tó jọ ohun ogun, ẹ má lù ú. Ẹ má gbé e wálé. Ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Ẹ fi igi sàmì sí ibẹ̀ lókèèrè, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò, kí ẹ sì sọ fún olórí abúlé àti ọlọ́pàá.

Bí ẹlẹ́rọ kan bá sì kọjá lórí ilẹ̀ yín, tó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ bi í léèrè pé: «Kí ni o ní kí ẹ̀rọ rẹ má gbọ́?»

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ òǹkàwé

1. Kí ló dé tí ẹ̀rọ Bell kò fi rí ọta náà?
2. Kí ni bọ́tìnnì tí ń kọ irin ń gbà lọ́wọ́ ẹni?
3. Kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ bá rí irin ogun lóko?