Agbọ́n tí ó Gba Ẹ̀gẹ́ Sílẹ̀

Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí àwọn oníṣòwò Potogí ti gbé ẹ̀gẹ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni irúgbìn náà ti ń jẹ àǹfààní kan tí àgbẹ̀ kò fura sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ nílé kò bá a sọdá òkun. Àǹfààní yìí dópin ní nǹkan bí ọdún 1973, nígbà tí wọ́n rí kòkòrò kékeré kan tí ìyẹ̀fun funfun bò lára, tí ń fa oje ẹ̀gẹ́ mu, ní agbègbè odò Kóńgò. Phenacoccus manihoti ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Kò ní akọ, abo rẹ̀ a sì máa yé ẹyin fúnra rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bá lẹ̀ mọ́ igi ẹ̀gẹ́ tí a gbé lọ gbìn nílùú mìíràn ti tó láti dá ọ̀wọ́n gààrí sílẹ̀.

Oògùn apakòkòrò kò ṣe é gbára lé, nítorí owó rẹ̀ ju agbára olóko kékeré lọ, kòkòrò ọ̀hún a sì máa sá pamọ́ sínú ọ̀mùnú tí ó ti ká jọ. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, tí Hans Herren ọmọ ilẹ̀ Switzerland ṣe aṣáájú wọn, yan ọ̀nà fífi kòkòrò ṣọdẹ kòkòrò, èyí ni wíwá ọ̀tá tí ń pa kòkòrò náà ní ilé rẹ̀, kí a sì tú u sílẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣọṣẹ́. Ìwákiri náà le. Ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, kòkòrò mìíràn tí ó jọ ọ́ bí ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ rí, agbọ́n tí ń pa ìyẹn kò sì ka eléyìí sí. Ní 1981 ni onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Anthony Bellotti, rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay, níbi tí ó ti ṣọ̀wọ́n. Ìṣọ̀wọ́n yẹn gan-an sì ni ẹ̀rí tó dára jù pé ohun kan ń pa á níbẹ̀.

Agbọ́n kékeré kan ni, Anagyrus lopezi, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, tí ó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú u sílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ìparí ọdún kan náà, ó sì tàn kálẹ̀ dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20. Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ti 1995 bọ́ sọ́wọ́ Herren.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn láti orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kì í sábà gba ìyìn tó tọ́ sí i nínú ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ láìsí i agbọ́n náà ì bá ti di ohun àwòyanu lásán. Wọ́n ní láti mọ bí a ṣe ń sin agbọ́n àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti fìdí kalẹ̀ lóko, nípa wíwá òkú kòkòrò tí ara rẹ̀ ti le, tí ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ihò róbótó kan sì wà lára rẹ̀ níbi tí agbọ́n tuntun gbà jáde.