Ta ni Samuel Coleridge-Taylor, ọmọ dókítà Sierra Leone tó mú orin Áfíríkà wọ iyàrá orin Yúróòpù?

Ní oṣù Keje ọdún 1895, àwọn olórin márùn-ún jókòó papọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ orin Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé orin tuntun kan jáde. Mẹ́rin nínú wọn ń ta ohun èlò olókùn, ẹnì karùn-ún ń fọn clarinet. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹni tó kọ orin náà: Samuel Coleridge-Taylor, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sierra Leone, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì.

Irú orin tó kọ yìí kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Orin mìíràn ni, èyí tó tà ní owó táṣẹ́rẹ́.

Kí ni orin iyàrá?

Orin tí wọ́n kọ fún àwọn olórin díẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chamber music. A lè pè é ní orin iyàrá, nítorí pé inú iyàrá ilé àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é, kó tó di ohun tí à ń sanwó láti gbọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni mẹ́rin: violin méjì, viola kan àti cello kan. Ẹni tó bá mọ gòjé kò ní ka violin sí àjèjì, nítorí ọrun ni wọ́n ń fi fa okùn àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ dùndún yóò tètè rí ìyàtọ̀ kan. Láàárín àwọn onídùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, tí àwọn omele ń gbè é. Nínú orin ẹni mẹ́rin yìí, ipò ìyáàlù kì í dúró lójú kan: cello lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu violin, kí viola sì dá a lóhùn. Kò sí olùdarí níwájú wọn. Ojú àti èémí ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó sí ìlà àkọ́kọ́ a máa gbọ́ bí ọrun ṣe ń ha okùn, adùn tí gbọ̀ngàn ńlá máa ń gbé mì.

Ní sáà tí wọ́n ń pè ní Romantic, tó gba ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Schubert, Mendelssohn, Schumann àti Brahms sọ orin iyàrá di ibi tí ènìyàn ti ń tú inú rẹ̀ jáde. Dvořák, ọmọ Bohemia, fi ohùn orin àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ sínú tirẹ̀ láìtijú. Ọ̀nà Dvořák yìí ni Coleridge-Taylor fẹ́ràn jù.

Ọ̀rọ̀ tí Stanford sọ

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1875 ni wọ́n bí Coleridge-Taylor ní Holborn, Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀, Daniel Peter Hughes Taylor, ti padà sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kí wọ́n tó bí i. Croydon ni ìyá rẹ̀, Alice, ti tọ́ ọ dàgbà, bàbá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní violin. Ó wọ Royal College of Music ní 1890, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Charles Villiers Stanford láti kọ́ bí a ṣe ń kọ orin sílẹ̀.

Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé Stanford wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, lẹ́yìn quintet clarinet tí Brahms kọ ní 1891, kò sí ẹni tó lè kọ irú rẹ̀ mọ́ tí òjìji Brahms kò ní hàn nínú rẹ̀. Coleridge-Taylor lọ, ó kọ tirẹ̀ wá, olùkọ́ rẹ̀ sì gbà fún un. Joseph Joachim, ọ̀rẹ́ Brahms tìkára rẹ̀, ta orin náà ní Berlin ní 1897.

Ọdún 1895 kan náà ló kọ Fantasiestücke, orin kéékèèké márùn-ún fún ẹni mẹ́rin olókùn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí kò gbọ́ orin iyàrá rí ti bẹ̀rẹ̀: wọn kò gùn, ijó sì ni èyí tó kẹ́yìn.

Orin láti Èkó, orin láti Delagoa

Ní 1900, ó kópa nínú Àpérò Pan-African tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1905, ó tẹ 24 Negro Melodies jáde fún piano, tí Booker T. Washington kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí. Orin Yorùbá kan wà nínú rẹ̀, "Oloba", tí Victoria Randle ti Èkó fún un. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tí à ń dárúkọ kọjá lọ: ọmọ James Pinson Labulo Davies ni, ìyá rẹ̀ sì ni Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú kí ó tó di ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń tọ́jú. Ọbabìnrin náà ló tún ṣe ìyá ìsàmì fún ọmọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Coleridge-Taylor mú márùn-ún nínú àwọn orin ìwé náà, ó tún wọn kọ fún violin, cello àti piano. Báyìí ni wọ́n ṣe di orin iyàrá. Mẹ́rin jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ìkan tó kù, tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí "Wọn kò ní yá mi lọ́mọ", wá láti inú ìwé tí Henri Junod, míṣọ́nnárì ọmọ Switzerland, kọ nípa orin àti àlọ́ àwọn Ba-Ronga ní etí òkun Delagoa, níbi tí Maputo wà lónìí. Àgbègbè yẹn wà lára ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń lọ wa góòlù ní Johannesburg nígbà náà. Ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ irú àkọlé yẹn tí kò ní mọ ohun tó ń dun ẹni tó ń kọrin?

Gíní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Orin iyàrá kò bọ́ ọ. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni Hiawatha's Wedding Feast, orin ńlá fún ẹgbẹ́ akọrin àti okẹ́sítírà, tó jáde ní 1898. Gíní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló gbà, ó sì ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí orin náà dànù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ni wọ́n tà lẹ́yìn náà, kò sì kan án. Iṣẹ́ olùkọ́ àti olùdarí ló fi ń bọ́ aya àti ọmọ méjì títí àrùn òtútù àyà fi pa á ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912, lẹ́ni ọdún 37. Ọba George Karùn-ún ní kí wọ́n máa fún opó rẹ̀, Jessie, ní £100 lọ́dọọdún. Wọ́n máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ìdí tí wọ́n fi dá Performing Right Society sílẹ̀ ní 1914, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ń kọ orin.

Ta ló ń ta á lónìí?

Quintet piano tó kọ ní 1893, iṣẹ́ tó kọ nọ́ńbà 1 sí, wà nínú ìwé àfọwọ́kọ títí onímọ̀ Catherine Carr fi tún un tò, tí Nash Ensemble sì ta á ní Croydon ní 2001. Chineke!, okẹ́sítírà tí Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 2015, gba orin rẹ̀ fún ẹni mẹ́sàn-án sílẹ̀ nínú àwo tó jáde ní 2022.

Ní Johannesburg, ẹgbẹ́ Johannesburg Musical Society ti ń pe àwọn olórin iyàrá wá láti 1902. Ní Diepkloof, Soweto, ilé ẹ̀kọ́ Buskaid tí Rosemary Nalden dá sílẹ̀ ní 1997 ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní violin, viola àti cello; wọ́n ti dé BBC Proms ní 2007. Ní ti Nàìjíríà, Fela Sowande kọ African Suite fún ohun èlò olókùn ní 1944, Muson Centre ní Oníkan, Èkó, sì ní gbọ̀ngàn fún irú orin báyìí.

Bí ẹ bá rí quintet clarinet náà gbọ́, ẹ fetí sí apá kejì, èyí tó lọ́ra jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.