Ṣé ẹrù ilé ni, àbí ọjà? Ìtàn wa láti ọ̀dọ̀ oníbodè dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù

1/ Lọ́dún 1969, ìyá ìyá mi da ìkòkò tuntun mẹ́ta kaná lẹ́bàá títì, ó fi se iṣu. Kì í ṣe pé ebi ń pa á tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí èéfín pa ìdí ìkòkò yẹn dúdú ni. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o 🧵

2/ Téèyàn bá ń kó láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa bi í ní bodè: ṣé ẹrù ilé ẹ lèyí, àbí ọjà lo fẹ́ lọ tà? Tó bá jẹ́ ẹrù ilé, ó lè kọjá láìsanwó. Tó bá jẹ́ ọjà, owó ń bẹ lórí ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ti dàgbà ju gbogbo wa lọ.

3/ Ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa, odi ló yí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ká. Odi ní ẹnubodè, ẹnubodè ní oníbodè. Oníbodè ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn tó ń ru ẹrù kọjá. Owó ẹyọ ni wọ́n ń san: ẹyọ 2,000 ni ẹgbàá, ẹyọ 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan.

4/ Ẹ má fojú kékeré wo owó yẹn o. Ọba ń jẹ níbẹ̀, ìjòyè ń jẹ níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn olóyè ló ń ṣàkóso àwọn ẹnubodè ìlú. Ẹ wá wo orúkọ tí à ń pe òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù lónìí: aṣọ́bodè. Aṣọ iṣẹ́ ló yí padà, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yí.

5/ Ọjà ni oníbodè ń wò jù. Àmọ́ ẹni tó ń kó bọ̀ wálé ńkọ́? Ibí ni àwọn Sàró ti wọlé. Yorùbá tí wọ́n tà lẹ́rú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Sierra Leone. Láti nǹkan bí ọdún 1839, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ padà sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

6/ Wọn ò sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwọn kan ti ṣòwò, àwọn kan ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n di ẹrù wọn. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n já ẹrù gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn kì í ṣe owó ibodè mọ́, ìkógun ni. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé wọn yà sí Àgbádárìgì, tí wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta.

7/ Ẹ rò ó wò ná. Èèyàn tí wọ́n ti tà bí ọjà rí. Ó là á já, ó ṣiṣẹ́, ó ra aṣọ àti abọ́ tiẹ̀, ó ń kó wọn bọ̀ wálé. Wọ́n tún wá wo ẹrù ẹ̀ bí ohun tí kò ní olówó.

8/ Òyìnbó náà mọ̀ pé owó wà ní bodè. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí ọba ń rí lórí ọjà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní àwọn á máa fún un ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún dípò ẹ̀. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù, pàápàá èyí tó ń wá látorí ọtí, ló wá ń gbé ìjọba Èkó ró.

9/ Ibi tó ti wá panilẹ́rìn-ín nìyí. Ìjọba tó ń gbowó létí òkun ò fẹ́ kí ẹlòmíì gbà á nínú ilẹ̀. Lọ́dún 1865, ẹgbẹ́ ìṣèjọba Ẹ̀gbá tí George William Johnson, ọmọ Sàró, jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí ọjà tó ń lọ sí Èkó. Gómìnà Glover fárí gá. Ní January 1892, wọ́n ní àwọn á máa san £500 lọ́dún fún Ìjẹ̀bú kí wọ́n lè jáwọ́ nínú owó ibodè. Àdéhùn yẹn ò dúró. Ní May ọdún yẹn, ogun Ìmàgbọn jà.

10/ Bí agbára àwọn ọba ṣe ń lọ sílẹ̀ ni bodè ń kúrò lẹ́nu odi ìlú, tó ń lọ sí ààlà orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fàlà síbẹ̀. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ará Kétu tó fẹ́ gbé ẹrù lọ sọ́dọ̀ ìbátan ẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ti di ẹni tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíì. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kúrò lórí ilẹ̀ baba ẹ̀ o.

11/ Ó yá, ká lọ sí Gánà. Láti ayé Góòlù Kósì ni àwọn èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Kùmásí, Tamale, Accra, wọ́n wà níbi gbogbo. Ohun kan mú un rọrùn: owó kan náà ni Nàìjíríà àti Góòlù Kósì ń ná. Ohun téèyàn pa níbẹ̀, ó lè mú un bọ̀ wálé wá ná.

12/ Lẹ́yìn òmìnira Gánà, owó pínyà. Gánà tẹ tiẹ̀ lọ́dún 1958, Nàìjíríà tẹ tiẹ̀ lọ́dún 1959. Nígbà tó di 1965, sídì dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fa ọ̀rọ̀ ìkòkò ìyá àgbà.

13/ Ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969. Ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti lo 30 ọdún, tó bímọ síbẹ̀, tó kọ́lé síbẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà nígbà yẹn.

14/ Kí lèèyàn lè kó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ilé ò ṣeé gbé. Gbèsè táwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ò ṣeé gbé. Sídì tó wà lọ́wọ́ ẹ, tó o bá gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló fẹ́ gbà á? Ọgbọ́n kan ló kù: sọ owó di nǹkan tó ṣeé rù.

15/ Ohun tí ìyá àgbà ṣe nìyẹn. Òwò aṣọ àti aṣọ rírán ló ń ṣe ní Kùmásí. Ó fi owó tó kù ra ìkòkò mẹ́ta, abọ́ tánganran àti òdindi aṣọ àǹkárá mélòó kan. Ó di wọ́n pọ̀ mọ́ ohun tó ní tẹ́lẹ̀: bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, àtùpà, àti máṣínnì ìránṣọ tó ti lò fún ọdún 11.

16/ Ọ̀nà etíkun ni lọ́rì wọn gbà: Gánà sí Tógò, Tógò sí Dàhòmì (ìyẹn Benin òní), Dàhòmì sí Nàìjíríà. Bodè mẹ́ta. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò wà lápá méjèèjì bodè kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ẹ̀ẹ̀mẹfà lèèyàn lè tú ẹrù sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló máa dì í padà.

17/ Ní ọ̀kan nínú àwọn bodè yẹn (ìyá ò sọ èyí tó jẹ́ fún wa rí), obìnrin kan wà níwájú ẹ̀. Wọ́n rí abọ́ tuntun lẹ́rù obìnrin yẹn. Wọ́n ní ọjà ni. Ó ní ẹrù òun ni, pé ohun tóun fi 20 ọdún ṣiṣẹ́ fún nìyẹn. Wọ́n ní kó sanwó. Kò ní owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Wọ́n yọ ìdajì sílẹ̀.

18/ Ìyá àgbà rí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó fà sẹ́yìn, ó to òkúta mẹ́ta, ó ṣa igi, ó ra iṣu, ó da ìkòkò tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kaná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èrò lọ́rì jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkòkò ti di ẹrù ilé.

19/ Wọ́n kọjá. Ìkòkò, abọ́, àní aṣọ tó ti gé sí wẹ́wẹ́ láàjìn, gbogbo ẹ̀ kọjá. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n dá dúró: máṣínnì ìránṣọ. Èyí tó ti lò fún ọdún 11! Torí ó máa ń nù ún lójoojúmọ́, ó máa ń fi òróró sí i, ó ń dán. Wọ́n ní tuntun ni, ọjà ni. Òrùka etí wúrà ẹ̀ ló fi gbà á.

20/ Tó bá ti dé ibẹ̀ nínú ìtàn, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ní: "Èyí tí mo purọ́ lé lórí, wọ́n gbà á. Èyí tí mo sọ òótọ́ lé lórí, mo sanwó ẹ̀."

21/ Ká má sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àwa nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ o. Ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tó ní láti lọ. Ọ̀nà kan náà, bodè kan náà, wọ́n kàn kọjú síbi tí tiwa kọ ẹ̀yìn sí ni.

22/ Rawlings ti ti bodè Gánà pa láti 1982, kò ṣí i títí di ọjọ́ 29 oṣù kìíní. Èèyàn há sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Àpò ńlá onílà tí ọ̀pọ̀ fi kó ẹrù la wá ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ẹnì kan ló wà nínú ẹ̀.

23/ Ohun tó dunni ni pé ECOWAS ti wà. Èkó gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ lọ́dún 1975. Lọ́dún 1979, wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ECOWAS lè wọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀ ni 1983.

24/ Lónìí ńkọ́? Ìbéèrè náà ni. Tẹ́ ẹ bá ń kó lọ sí Britain, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbowó lórí ẹrù ilé yín, tẹ́ ẹ bá ti gbé lẹ́yìn òde ibẹ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán, tẹ́ ẹ ti ní ẹrù yẹn, tẹ́ ẹ sì ti lò ó fún oṣù 6. Ẹ ò gbọdọ̀ tà á láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tó bá wọlé. Kí ẹrù tó wọlé ni kẹ́ ẹ ti kọ̀wé béèrè o. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń béèrè lílò ọdún kan fún ẹrù inú ilé.

25/ Tẹ́ ẹ bá sì ń kó bọ̀ wálé sí Nàìjíríà, òfin yọ̀ǹda ẹrù tara ẹni tí kì í ṣe títà, ṣùgbọ́n mọ́tò kò sí lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀, àfi tí ọkọ̀ bá dé èbúté. Torí náà, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú páálí sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ ya fọ́tò wọn nínú ilé tẹ́ ẹ ń gbé.

26/ Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ohun tí òfin fi ń mọ ẹrù ilé yàtọ̀ sí ọjà ni àsìkò àti ẹ̀rí: ó ti pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹ? Níbo ni ìwé ẹ̀ wà? Ẹni tó fara balẹ̀ kó ló lè dáhùn. Ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì ò ní ìwé, ìkòkò ẹ̀ sì lè jẹ́ tuntun. Ẹni tó jẹ́ pé ẹrù yẹn nìkan ló kù fún un láyé gan-an ni wọ́n máa ń pè ní oníṣòwò.

27/ Máṣínnì yẹn ṣì wà ní ilé wa. Òun ni ìyá àgbà fi rán aṣọ tó fi rán màmá mi lọ ilé ìwé. Ìkòkò kan ṣì kù níbẹ̀ pẹ̀lú. Màmá mi ti fọ̀ ọ́ títí, èéfín ọjọ́ yẹn ò kúrò nídìí ẹ̀.

28/ Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín kí wọ́n tó lọ: kí ni wọ́n kó bọ̀, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ ní bodè? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, mo máa kà á tán.